Fódà kan náà, ohun méjì nínú rẹ̀: bí symlink àti mount ṣe fi àwòrán Ojúde Ọba pamọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ṣẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ayàwòrán kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọ̀sẹ̀ Iléyá, èmi sì ni wọ́n pè láti Ṣágámù pé kí n wá wo ohun tó ń ṣe sáfà wọn, kọ̀ǹpútà tí gbogbo wọn ń kó àwòrán sí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní kíkún nítorí pé kò sí ohun kan tó bàjẹ́ nínú rẹ̀. Díìsìkì kò kú, fáìlì kò jẹrà, kò sì sí ẹni tó tẹ àṣẹ tí kò yẹ kó tẹ̀. Ohun gbogbo tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà ló ṣe iṣẹ́ tí a rán an, síbẹ̀ àwòrán ọdún púpọ̀ ṣẹ́ku ẹ̀dà kan ṣoṣo fún ọjọ́ kan ààbọ̀, ẹni kankan kò sì mọ̀.

Lójú ẹni tí kò dé Ojúde Ọba rí, àwòrán lásán ni. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú máa ń lọ kí Awùjalẹ̀ ní ojúde ààfin: àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, á wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọn á tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, àwọn ìdílé Balógun á sì gun ẹṣin wá. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló máa ń bẹ ayàwòrán tirẹ̀ kí ọdún tó kó. Ìṣẹ́jú tí ẹlẹ́ṣin kan fi kọjá níwájú ọba, bí a bá sọ àwòrán rẹ̀ nù, ó di ẹ̀ẹ̀míì, ẹni tó gun ẹṣin náà sì lè má sí láyé nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí ara mi kò fi balẹ̀ nígbà tí Alàájì tó ni ilé iṣẹ́ náà pè mí tó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, àwòrán àná wà, ti ìjẹta ni a ò rí mọ́.”

Sáfà wọn jẹ́ kọ̀ǹpútà kan tí Ubuntu wà lórí rẹ̀, tó jókòó sí igun yàrá ẹ̀yìn, tí kò sí ojú ìwòran lára rẹ̀. Díìsìkì mẹ́ta ló ní. Èyí tí ètò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀ jẹ́ SSD 240GB. Díìsìkì àwòrán jẹ́ 4TB, ìta ló wà, wáyà USB ló so ó mọ́ sáfà, ó sì ní wáyà iná tirẹ̀ lọ́tọ̀; nǹkan bí 1.7TB àwòrán ló wà lórí rẹ̀. Díìsìkì ìpamọ́, òun náà 4TB, wà nínú àpótí sáfà. Nínú /etc/fstab, fáìlì tó ń sọ fódà tí díìsìkì kọ̀ọ̀kan yóò ti hàn, a ní kí díìsìkì àwòrán máa gun orí /mnt/oju (gígùn yìí ni mount), kí díìsìkì ìpamọ́ máa gun orí /mnt/ipamo. Àwọn ayàwòrán kò mọ ohunkóhun nípa /mnt. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni /studio/aworan, tí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò ń rí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. /studio/aworan yìí jẹ́ symlink, ìyẹn fáìlì tó kàn ń tọ́ka sí ibòmíràn; ohun tí a kọ sínú rẹ̀ kò sì ju /mnt/oju lọ. Ní aago méjì òru, cron, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ ní aago tí a bá dá fún un, á ṣe iṣẹ́ ìpamọ́ pẹ̀lú àṣẹ kan ṣoṣo, rsync, tó ń da fáìlì kọ láti ibì kan sí ibòmíràn:

rsync -a --delete /studio/aworan/ /mnt/ipamo/

Ìlà kékeré (/) tó kẹ́yìn /studio/aworan/ ṣe pàtàkì níbẹ̀, nítorí láìsí i, rsync á dà symlink náà fúnra rẹ̀ kọ bí ó ti wà, kò sì ní wọ inú rẹ̀. Ẹni tó kọ àṣẹ náà mọ èyí, ó sì fi ìlà náà síbẹ̀. Ní ti --delete, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti nu ohunkóhun tó bá wà ní ìpamọ́ tí kò sí ní orísun mọ́.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí nǹkan méjì tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Symlink jẹ́ fáìlì kékeré tí kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀ ju orúkọ ọ̀nà kan lọ. Ó wà nínú 4.2BSD, ètò Unix tí Yunifásítì California ní Berkeley gbé jáde ní 1983, bí ó sì ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Bí a bá pè é, kernel, ọkàn ètò kọ̀ǹpútà, á ka orúkọ tó wà nínú rẹ̀, á sì máa wá ọ̀nà náà lọ bí ẹni pé orúkọ yẹn gan-an ni a pè. Ìgbàkígbà tí a bá pè é ni kernel ń ka orúkọ náà lọ́tun. Kì í rántí ibi tó débẹ̀ lánàá. Kò sì sí ohun tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú pé ibi tó ń tọ́ka sí wà tàbí kò sí. Bí symlink bá ń tọ́ka sí symlink mìíràn, tí ìyẹn náà tún ń tọ́ka lọ, Linux á tẹ̀ lé e títí dé 40, lẹ́yìn náà á kọ̀.

Mount yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Láti mount díìsìkì ni láti tẹ́ gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ lé fódà kan tó ti wà tẹ́lẹ̀, bí a ti ń tẹ́ ẹní lé ilẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ kò kúrò níbẹ̀; a kò kàn rí i mọ́ ni. Bí a bá ká ẹní náà, a ó tún bá a níbi tó wà. Fódà /mnt/oju tí a ń tẹ́ díìsìkì àwòrán lé yìí, fódà gidi ni òun fúnra rẹ̀, orí SSD ètò ni ó sì wà. Ó wà níbẹ̀ yálà díìsìkì àwòrán wà tàbí kò sí.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ojúde Ọba, wọ́n da gbogbo mẹ́mọ́rì káàdì sí /studio/aworan, wọ́n rí i pé ó wọlé, wọ́n sì lọ sùn. Kí ó tó di aago méjì òru, iná lọ, ó sì tún dé. Sáfà kú, ó sì tún tan fúnra rẹ̀. Wáyà iná díìsìkì àwòrán ti yọ díẹ̀ nínú sókẹ́ẹ̀tì, nítorí náà díìsìkì náà kò jí. Ọ̀rọ̀ nofail wà lórí ìlà rẹ̀ nínú fstab, ìtumọ̀ èyí sì ni pé bí díìsìkì yìí kò bá sí, kí kọ̀ǹpútà máa tan lọ láìdúró dè é. Mi ò dá ẹni tó kọ nofail lẹ́bi. Láìsí i, systemd, ètò tó ń darí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tan, á dúró fún 90 ìṣẹ́jú-àáyá, lẹ́yìn náà á já sí ipò pàjáwìrì tí ẹni kan gbọ́dọ̀ jókòó síwájú rẹ̀ kó tó lè tẹ̀ síwájú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sáfà yìí kò ní ojú ìwòran.

Báyìí, /mnt/oju ṣófo. /studio/aworan ṣì ń tọ́ka sí i, ó sì ń tọ́ka dáadáa, nítorí fódà náà wà. Nígbà tí aago méjì lù, rsync gba orí symlink wọlé, ó bá fódà tó ṣófo, kò rí àṣìṣe kankan, ó sì ṣe ohun tí --delete ní kó ṣe: ó nu 1.7TB kúrò lórí díìsìkì ìpamọ́.

Ní òwúrọ̀, ọmọ iṣẹ́ ṣí fódà náà, ó bá a pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó rò pé ọ̀gá òun ti kó àwòrán Ojúde Ọba sí ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe álúbọ́ọ̀mù, ohun tí Alàájì sì máa ń ṣe nígbà mìíràn nìyẹn. Ó ṣẹ̀dá fódà tuntun, ó sì da àwòrán ọjọ́ kejì, ti ìnáwó àwọn ìdílé, sínú rẹ̀. Orí SSD ètò ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí. Ní òru ọjọ́ náà, rsync tún ṣiṣẹ́, ó sì da àwòrán ọjọ́ kejì yìí kọ sórí díìsìkì ìpamọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, bí wọ́n ṣe ń da ìyókù sí i, sáfà ní àyè tán. Ìgbà náà ni wọ́n pè mí.

Nígbà tí mo dé, mo ṣí tẹ́mínà, ojú ibi tí a ń tẹ àṣẹ sí, mo cd sínú /studio/aworan, mo rí àwòrán ọjọ́ kejì nìkan. Mo tẹ findmnt /mnt/oju, kò fèsì. Èyí ni pé kò sí díìsìkì kankan lórí fódà náà. Mo tẹ̀ lé wáyà, mo rí i pé ó ti yọ, mo tì í wọlé, díìsìkì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo wá ṣe ohun tí kò yẹ kí n kánjú ṣe:

sudo mount /dev/sdb1 /studio/aworan

Orúkọ symlink ni mo fún mount, kì í ṣe orúkọ fódà gidi. Ẹlòmíràn lè rò pé díìsìkì náà á gun orí symlink, tàbí pé á rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Mount tẹ̀ lé symlink náà dé òpin, ó sì tẹ́ díìsìkì lé /mnt/oju. Orúkọ /mnt/oju ni findmnt àti /proc/mounts, níbi tí kernel ń to gbogbo mount sí, sì kọ sílẹ̀, wọn kò mẹ́nu kan /studio/aworan rárá. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ètò tó ń wá orúkọ symlink nínú /proc/mounts láti mọ̀ bóyá díìsìkì ti gùn, kò ní rí i láéláé, bó tilẹ̀ gùn.

Alàájì ṣí fódà náà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Àwòrán Ojúde Ọba ti padà, ti gbogbo ọdún tó kọjá náà sì wà níbẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò tíì dúpẹ́ tán tí ọmọ iṣẹ́ fi tọ́ka sí tẹ́mínà àkọ́kọ́ tí mo ti ṣí sílẹ̀ kí n tó mount, tó sì ní, “Bọ̀dá, àwòrán tí mo dà sí i lánàá ló wà níbẹ̀ yẹn. Èéṣe tí kò sí lọ́dọ̀ Alàájì?”

Mo tẹ ls láti wo ohun tó wà nínú fódà. Òótọ́ ni. Nínú tẹ́mínà yìí, /studio/aworan ní àwòrán ọjọ́ kejì. Mo ṣí tẹ́mínà kejì, mo cd sí /studio/aworan, mo tẹ ls: àwòrán Ojúde Ọba àti ti àtijọ́, kò sí ti ọjọ́ kejì kankan. Mo tẹ pwd, tó ń sọ fódà tí a wà, nínú méjèèjì, ìdáhùn kan náà ni wọ́n fún mi. Ọ̀nà kan, kọ̀ǹpútà kan, wákàtí kan, ohun méjì. Mo mọ ìdí rẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n n kò rí i tó ṣẹlẹ̀ lójú mi báyìí rí.

Ìdí náà ni pé ètò tó bá ti wà nínú fódà kan kì í ka orúkọ ọ̀nà tó gbà débẹ̀ mọ́. Fódà tó dúró sí gan-an ni kernel dì mú fún un. Tẹ́mínà àkọ́kọ́ ti dúró sórí ilẹ̀ kí a tó tẹ́ ẹní. Nígbà tí ẹní dé, ó bo ilẹ̀ mọ́ gbogbo ẹni tó ń bọ̀ láti ìta, kò sì bò ó mọ́ ẹni tó ti wà lábẹ́ rẹ̀. Tẹ́mínà kejì gba orí symlink wọlé lẹ́yìn mount, nítorí náà orí ẹní ló bọ́ sí. Mo tẹ stat -c %d . nínú tẹ́mínà méjèèjì, nọ́ńbà díìsìkì tí wọ́n fún mi sì yàtọ̀ síra. Nọ́ńbà yẹn ni ẹ̀rí tí mo gbọ́kàn lé, nítorí orúkọ ti tàn wá tó. (Ọmọ iṣẹ́ náà tún bi mí pé kí ló dé tí cd .. fi gbé òun lọ sí /studio, tí ls .. sì ń fi inú /mnt han òun. Shell, ètò tó ń gba àṣẹ nínú tẹ́mínà, ń rántí orúkọ tó gbà wọlé, ó sì ń fi orúkọ náà ṣírò cd. Ls kò mọ̀ nípa ìyẹn, kernel ló ń bi pé ta ni bàbá fódà yìí, bàbá rẹ̀ gidi sì ni /mnt.)

Mo wá tẹ df -h. SSD ètò ti kún, kò sí àyè kankan mọ́. Mo tẹ du -xsh /, ó ní 38G péré ni gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdáhùn méjèèjì, tó ń lọ sí 170G, ni ohun tó wà lábẹ́ ẹní. df ń bi díìsìkì fúnra rẹ̀ léèrè. Du ń rìn láti fódà dé fódà, kò sì lè rìn dé ibi tí a ti tẹ́ nǹkan bò.

Lẹ́yìn èyí ni mo wo díìsìkì ìpamọ́, ẹ̀rù sì bà mí gan-an. Àwòrán ọjọ́ kejì nìkan ló wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí lórí díìsìkì àwòrán gan-an ni mo bá ní ìpamọ́, 1.7TB tó yẹ kó wà ní ìpamọ́ kò sì sí. Ìpamọ́ ti di ẹ̀dà ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹní. Mo wá rí i pé aago méjì òru tó ń bọ̀ á tún ṣe nǹkan mìíràn: orísun ti di díìsìkì gidi báyìí, nítorí náà rsync á dà 1.7TB padà sí ìpamọ́, á sì nu àwòrán ọjọ́ kejì kúrò níbẹ̀, àwòrán tí ẹ̀dà rẹ̀ kan ṣoṣo yòókù wà níbi tí ojú kò tó. Kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn, mo dá iṣẹ́ cron náà dúró. Mo sì bẹ gbogbo ẹni tó wà ní yàrá pé kí wọ́n má da nǹkan kan sí fódà náà, kí wọ́n má sì pa sáfà.

Ọ̀nà tó rọrùn láti rí ohun tó wà lábẹ́ mount ni láti umount, ìyẹn láti ká ẹní náà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àwọn ayàwòrán ti ń ka àwòrán lórí díìsìkì náà, n kò sì fẹ́ já a gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Linux ní ọ̀nà mìíràn, èyí tó ti wà láti ẹ̀yà 2.4:

sudo mkdir /mnt/isale
sudo mount --bind / /mnt/isale

Bind ń jẹ́ kí fódà kan hàn ní ibòmíràn. Bí a kò bá lo --rbind, díìsìkì tó gun orí àwọn fódà inú rẹ̀ kò ní bá a lọ. Nítorí náà, /mnt/isale fi SSD ètò hàn mí ní ìhòòhò, láìsí ẹní kankan lórí rẹ̀, nínú /mnt/isale/mnt/oju sì ni gbogbo àwòrán ọjọ́ kejì àti ti òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta wà, pípé.

N kò dà wọ́n pọ̀ mọ́ ti Ojúde Ọba tààrà. Kámẹ́rà máa ń fún fáìlì ní nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́rin, tó bá dé 9999 á padà sí 0001, ayàwòrán mẹ́ta tó ń lo kámẹ́rà onírúkọ kan náà sì lè ní fáìlì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan. Fódà tuntun ni mo ṣí fún wọn lórí díìsìkì àwòrán. Mo dà wọ́n síbẹ̀, mo tún rán rsync padà pẹ̀lú -c, -n àti -i kí ó fi inú fáìlì kọ̀ọ̀kan wéra láìfọwọ́ kan nǹkan kan, kí ó sì sọ ìyàtọ̀ tó bá rí, nígbà tí kò sì rí ìyàtọ̀ kankan ni mo tó nu àwọn tó wà lábẹ́. Mo sì umount /mnt/isale kí n tó nu fódà isale fúnra rẹ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á fara balẹ̀: rm -rf tó bá pàdé symlink á yọ symlink náà nìkan, kò ní wọ ibi tó ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n tó bá pàdé bind, á wọ inú rẹ̀, á sì máa nu ohun gidi. Ẹni tó bá tẹ rm -rf /mnt/isale/* nígbà tí bind ṣì wà níbẹ̀ ń nu gbogbo ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Àtúnṣe tí mo kà sí pàtàkì jù kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ṣí fódà kan tó ń jẹ́ aworan sórí díìsìkì àwòrán, mo mv gbogbo àwòrán sínú rẹ̀, èyí tó yá kíá nítorí orí díìsìkì kan náà ni, mo sì yí symlink padà kí ó má tọ́ka sí /mnt/oju mọ́, kí ó máa tọ́ka sí /mnt/oju/aworan. Fódà aworan yìí kò sí níbòmíràn àfi lórí díìsìkì náà. Bí díìsìkì kò bá gùn, symlink kò ní níbi tó ń tọ́ka sí, ẹnikẹ́ni tó bá sì pè é á gba ìdáhùn pé “No such file or directory”. rsync tí kò bá rí orísun rẹ̀ á kígbe, kò sì ní nu nǹkan kan. Ohun tó ṣe wá ní ibi tẹ́lẹ̀ ni pé symlink náà kò já nígbà tó yẹ kó já. Mo ti rí ọ̀pọ̀ sáfà tí wọ́n fi symlink tọ́ka sí ojú ibi tí díìsìkì ń gùn gan-an, èmi náà sì ti ṣe é rí. N kò ní ṣe é mọ́.

Mo fi méjì mìíràn kún un. Nígbà tí àwọn ayàwòrán ti ṣíwọ́, mo umount díìsìkì àwòrán, mo sì fi chattr +i di /mnt/oju tó ṣófo, kí ẹnikẹ́ni, àní root tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo kọ̀ǹpútà pàápàá, má lè kọ nǹkan sórí ilẹ̀ náà. Èyí kò dí mount lọ́wọ́ rárá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún /mnt/ipamo náà, nítorí bí díìsìkì ìpamọ́ kò bá sí, rsync fúnra rẹ̀ lè ṣẹ̀dá fódà tó ń dà nǹkan sí, kí ó sì máa kún SSD lọ. Nínú iṣẹ́ òru, mo fi mountpoint -q, tó ń wò bóyá díìsìkì ti gùn, ṣíwájú rsync fún fódà méjèèjì, pé bí ọ̀kan kò bá gùn, kí ó kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ètò (log), kí ó sì dúró. Àwọn kan á ní kí n fi bind rọ́pò symlink. N kò gbà bẹ́ẹ̀ níbí, nítorí bind náà á fara mọ́ fódà tó ṣófo láìráhùn, ewu rm tí mo sọ sì tún wà lára rẹ̀.

Alàájì ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i. Mo umount díìsìkì àwòrán, ó fúnra rẹ̀ fa wáyà iná rẹ̀ yọ, a sì tún sáfà tàn. Ọmọ iṣẹ́ gbìyànjú láti da káàdì kan sí fódà náà, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ní òun kò rí ibẹ̀. Mo tẹ àṣẹ iṣẹ́ òru náà pẹ̀lú ọwọ́ mi. Ó kọ ìlà kan pé /mnt/oju kò gùn, ó sì jáde láìfọwọ́ kan ìpamọ́. A ti wáyà padà, a mount, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í da 1.7TB padà sórí díìsìkì ìpamọ́. Ó gbà tó wákàtí márùn-ún. N kò padà sí Ṣágámù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ sáfà ni mo jókòó sí títí ó fi parí, tí mo sì fi ṣí àwòrán ẹlẹ́ṣin kan láti inú ìpamọ́, tó sì hàn.